Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Bàbá Mi Já Bọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Ìgándò, àwọn ọkùnrin àdúgbò wa gbà pé ẹsẹ̀ mi dára. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà náà, bí oníṣòwò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó máa ń wo ẹni tó kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́. Bí ọjà bá tà, á ní ẹsẹ̀ onítọ̀hún dára. Bí ọjà kò bá tà, ẹsẹ̀ onítọ̀hún náà ni.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Ítálì ló fẹ́ràn, láti ayé ìgbà tí tẹlifíṣàn máa ń gbé bọ́ọ̀lù Ítálì wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò yí sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi kò yí. Ní ilé ìwòran tó wà lẹ́yìn ilé wa, tẹlifíṣàn ńlá ni wọ́n fi ń wo ti Gẹ̀ẹ́sì. Kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ fún bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀, Alága là ń pè é, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará Ítálì, ẹ rọra o, ariwo yín ti pọ̀ jù."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nǹkan kò ṣẹnuure fún ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn tó bá gbẹ̀yìn ní líìgì ńlá, ńṣe ni wọ́n ń já bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, màmá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi níbi ìwòran. Bí mo ṣe tẹsẹ̀ wọlé báyìí ni ẹgbẹ́ wọn gbá a wọlé. Àwọn ọkùnrin náà gbé mi sókè: "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí dáa o!" Láti ọjọ́ náà, bí bọ́ọ̀lù Ítálì bá ti ń bọ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n á ní kí n bọ́ bàtà, kí n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì mọ́lẹ̀. "Má gbé ẹsẹ̀ sókè o, Ẹlẹ́sẹ̀-ire." Wọ́n á ra ẹlẹ́rìndòdò fún mi.

Ọjọ́ tí líìgì máa parí bọ́ sí ọjọ́ wòlímọ̀ mi. Ilé kéú wa wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọjọ́ náà ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ ka Kùráánì lójú gbogbo èèyàn. Màmá mi ti gbé kúlà oúnjẹ lọ láti àárọ̀. Bàbá mi ló yẹ kó mú mi wá lẹ́yìn ìrun àílà. Mo wọ aṣọ funfun, mo wọ bàtà funfun tuntun. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá mi," ó ní fún mi, "àwọn àgbà inú yín ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Ìlàjì àkọ́kọ́ péré la máa wò. Bí wọ́n bá borí lónìí, wọn ò ní já mọ́. Ó di Ìṣẹ̀rí nìyẹn."

A lọ síbi ìwòran. Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, ẹgbẹ́ bàbá mi gbá ọ̀kan wọlé. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú pé ká máa lọ. Ni Alága bá fi tẹlifíṣàn ńlá sílẹ̀ wá bá wa.

"Káfíńtà, ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ yìí lọ báyìí?"

"Wòlímọ̀ ọmọ ni."

"Wòlímọ̀ ò ní sá lọ jàre. Bí wọ́n bá já, ọwọ́ yín ló ti wá o."

Bàbá mi wò mí. Ó tún jókòó.

Ó kù díẹ̀ kó parí ni àwọn ẹgbẹ́ kejì dá a padà. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ọ̀mì kò sì tó. Wọ́n já. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi wo ilẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí náà ti bàjẹ́ ṣá."

Bàbá mi dìde. Kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. "Ẹ má fẹnu kan ẹsẹ̀ ọmọ mi," ó ní. "Ibi ire ló ń lọ. Èmi ni mo dá a dúró."

Ọ̀kadà ló gbé wa dé Ìṣẹ̀rí. Wọ́n ti ń to àga jọ. Màmá mi jókòó ti kúlà. Ẹ̀yìn náà ló sọ fún mi pé wọ́n pe orúkọ mi, òun dìde, òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ sọ, òun sì tún jókòó.

Bàbá mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Àáfà tó ń kọ́ wa ní kéú gbá a mú.

"Àáfà, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kó ka tirẹ̀."

"Àwọn èèyàn ti lọ, bàbá ọmọ."

"Èmi ṣì wà níbí."

Mo kà á láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bàbá mi nìkan ló jókòó láàárín àwọn àga tó ṣẹ́kù. Nígbà tí mo parí ni ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ẹsẹ̀ mi tí eruku bò. A ti gbàgbé bàtà funfun náà sábẹ́ bẹ́ńṣì níbi ìwòran. Ó ṣí fìlà, ó fi bojú.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ mú bàtà náà wá. Kò tún wọ ibẹ̀ mọ́. Bí ariwo bá ti ta lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ Àìkú, á mú àga tí nǹkan kan kò ṣe, á máa kàn án ní ìṣó.

"Bàbá, ẹ lọ wò ó. Mi ò bínú."

"Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Wòlímọ̀ yẹn kò dùn mí tó ìró òòlù yẹn. Bí mo bá gbọ́ ọ, á dà bíi pé èmi ni mo gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣebí èmi náà mọ̀ pé aago ń lọ lọ́jọ́ náà. Mo ń mu ẹlẹ́rìndòdò mi, inú mi ń dùn pé àwọn àgbà ń bẹ̀ mí kí n má dìde.

Ayé ti yí. Ilé ìwòran yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń wo bọ́ọ̀lù, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, nǹkan wà létí wọn. Bí ẹgbẹ́ wọn bá fìdí rẹmi, kóòṣì ni wọ́n ń bú. Ìyẹn dára, kò sẹ́ni tó ń wo ẹsẹ̀ ọmọdé mọ́. Ṣùgbọ́n kò tún sẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ níbi ìwòran.

Ẹgbẹ́ bàbá mi ti padà sí líìgì ńlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, mo gbé fóònù mi lọ bá a ní Ìgándò, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó ti darúgbó. Ó tẹjú mọ́ ọn. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó tì í, mo tẹ ẹsẹ̀ mi méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó rí i, ó fi ọwọ́ bo fóònù náà.

"Wọ bàtà rẹ, ìyá mi," ó ní. "Bóyá ibì kan wà tó yẹ kó o wà báyìí."