Àdúà Òjò fún Àgbàdo Tí Mo Fẹ́ Kó Kú

Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi di àgbẹ̀, mi ò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Àbígbẹ̀yìn mi ni, obìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ó ní iṣẹ́ ọ̀gbìn lòun máa kọ́ ní yunifásítì. Mo ní nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ọ̀gbìn. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ìjà, tẹjú mọ́ fóònù bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é.

Kì í ṣe pé mo kórìíra oko o. Owó oko ni wọ́n fi rán mi nílé-ìwé. Bàbá mi gbin iṣu, wọ́n gbin àgbàdo lọ́nà Àfọ̀n títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Nígbà tiwọn, òjò mọ àsìkò ara rẹ̀. Nísinsìnyí ńkọ́? Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àlejò tó ní òun ò jókòó, á sì pòórá. Ooru náà ò wá gba ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta aṣọ ní òpópónà Táíwò, ní Ìlọrin níbí, oníbàárà á wọlé, á jókòó síwájú fáànù mi, á gbatẹ́gùn tán, á ní òun ń bọ̀.

Ìyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n ń pè é lórí rédíò. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo lè máa wọn aṣọ lọ́wọ́ kí n ṣàdédé rò ó pé, bó bá ti rí báyìí lójú tèmi, báwo ló ṣe máa rí nígbà tí ọmọ yìí bá dàgbà tó mi? Ọmọ tí mo bí, kó wá fi gbogbo ayé rẹ̀ máa wo sánmà tí kò ṣe é gbára lé? Nọ́ọ̀sì ló dáa. Oòrùn kì í jó abẹ́rẹ́ gbẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó lọ ro díẹ̀ nínú ilẹ̀ bàbá mi, bí òjò àkọ́rọ̀ sì ti kan ilẹ̀ ló gbin àgbàdo. Àgbàdo hù, ó dé orókún, lòjò bá dákẹ́. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í kákò. Èmi náà ò mẹ́nu kúrò.

"O ti wá rí i báyìí?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Bó bá kú, mo gbà, nọ́ọ̀sì ni. Bó bá yè, ẹ ò ní bá mi fà á mọ́."

"Ó tán," ni mo wí. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti fojú mi rí àgbàdo ọ̀hún, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Lemọ́mù àdúgbò wa kéde pé kí gbogbo wa jáde sí yídì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti tọrọ òjò. Ẹni tó bá ti lọ rí mọ bí a ṣe ń ṣe é: tí a bá kírun tán, Lemọ́mù á yí aṣọ wọn sódì, àwa náà á yí tiwa, pé kí Ọlọ́run bá wa yí ọ̀dá padà sí òjò. Èmi tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù, ilé ni mo ti wọ híjáàbù mi sódì, ojú rírán níta gbangba.

"Lẹ́yìn ìrun la máa ń yí i o," ni ọkọ mi sọ.

"Mo ti yí tèmi. Ẹ̀yin ẹ máa dúró."

Oòrùn ti ń ta wá ní yídì láàárọ̀ kùtù. A kírun, Lemọ́mù ṣe wáàsí, wọ́n kọjú sí gábàsì, wọ́n sì yí alùkìmbá, aṣọ ńlá tó wà lọ́rùn wọn. Gbogbo obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìborùn. Èmi náà gbá híjáàbù mi mú. Àlhájà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ki ọwọ́ mi mọ́lẹ̀.

"Ẹ má dán an wò! Tiyín ti wà lódì tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá yí i báyìí, ojú ire ló máa bọ́ sí, ẹ ó sì dá òjò padà fún wa!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi àdúà. Mo fi híjáàbù sílẹ̀ bó ṣe wà.

A gbọ́wọ́ sókè. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí bìrí mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni mo fẹ́ tọrọ gan-an? Bí òjò bá rọ̀, àgbàdo á yè. Bí àgbàdo bá yè, ọmọ mi di àgbẹ̀ nìyẹn. Mo rò ó, Ọlọ́run ló rí mi, pé kí n ní kó rọ̀ sí gbogbo Ìlọrin, kó ṣáà fo ọ̀nà Àfọ̀n. Ẹ̀dá mà burú o! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe lanu, ọmọ náà ni mo rí, bí mo ṣe bá a lóko lọ́sẹ̀ tó ṣáájú: ó kúnlẹ̀ sáàárín ebè, ó ń fi ife da omi sídìí àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ fara dà á." Ahọ́n mi ò gbọ́ tèmi mọ́. "Ọlọ́run, rọ òjò fún ọmọ mi. Má jẹ́ kí àgbàdo rẹ̀ kú." Mo sunkún, ẹkún gidi. Àlhájà ẹ̀gbẹ́ mi rò pé gbogbo mùsùlùmí ni mò ń sunkún fún, ló bá ń ké "Àmín! Àmín!" lé mi lórí.

Bí a ṣe ń bọ̀ láti yídì, mo gba ọjà Ipata kọjá láti ra iṣu, híjáàbù mi ṣì wà lódì. Ìyá oníṣu wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àlhájà, ṣé iná ń jólé ni, tí ẹ fi sáré múra báyìí?"

"Àdúà òjò ni."

Ó wo sánmà tó mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan. "Tóò. Ẹ kú ìgbàgbọ́ o."

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo háyà kẹ̀kẹ́, mo kó kẹ́ẹ̀gì omi kún un, ó di oko. Ọmọ mi dìde láàárín ebè, ó ń wò mí.

"Màámi, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá bomi rin àgbàdo."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń retí òkú rẹ̀?"

"Gba kẹ́ẹ̀gì, jàre."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pọnmi lọ́sàn-án, tí mo ń bú oòrùn, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, títí òjò fi bá wa lórí ebè lọ́jọ́ kan. Òjò ńlá! Èmi àgbàlagbà, mo ń fò sókè nínú ẹrẹ̀, mo ń pe "Àlùhámúdùlíláhì," bàtà mi kan sì ríbi wọlẹ̀ sí.

Nígbà tó dá, a rìn yí oko ká. Ìdajì àgbàdo ti kú, ìdajì yè. Ọmọ mi fún omi kúrò létí ìró rẹ̀.

"Màámi, ta ló wá borí báyìí?"

"Lọ kọ́ ọ̀gbìn."

Ó wò mí bíi pé mo ń tàn án. "Ṣé ẹ̀rù ò bà yín mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí. Ó ń bà mí gan-an. Ìdí tí mo fi fẹ́ kó o mọ bí wọ́n ṣe ń dáko nígbà tí òjò ò bá rọ̀ nìyẹn."