Ẹnu-Abẹ àti Àwọn Ọkùnrin Orí Pákó

Télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnu-Abẹ ní ìtàn kan tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n bá na apá sókè kó lè wọ̀n wọ́n. Ó ní lọ́jọ́ kan òun ń kọjá níwájú ṣẹ́ẹ̀dì onípákó, níbi tí àwọn alábàárù máa ń jókòó lé pákó tí wọ́n tò sẹ́bàá títì, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n sì ń pe gbogbo obìnrin tó bá ń kọjá. Ọ̀kan súfèé sí òun, ó ní, "Ìdí ńlá, ṣé kí n bá ẹ gbé e?" Òun dúró, òun yí padà, òun ní, "Ẹnu tó o fi ń pè mí yẹn, gbé e délé, kó o fi pe ìyá ẹ wá kó wá wo ohun tó bí." Kẹ́kẹ́ bá pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Kò sí oníbàárà tí kì í rẹ́rìn-ín débi tí téèpù yóò fi yẹ̀. Ìyá Onípákó, ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀dì náà gan-an, ló máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ó ní, "O káre! Àwọn ọmọ burúkú yẹn ò ní dán an wò mọ́."

Ìtàn gidi ni. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n súfèé lóòótọ́, wọ́n sọ ti ìdí ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èsì tó mú bí abẹ yẹn, wákàtí méjì lẹ́yìn náà ló tó dé sí i lẹ́nu, nínú ṣọ́ọ̀bù, áyọ́ọ̀nù ló sì sọ ọ́ fún. Níwájú àwọn ọkùnrin náà, ńṣe ló tẹ orí mọ́lẹ̀ tó ń yára lọ bí ẹni tí inú ń lọ́. Ẹkùn ni nínú ṣọ́ọ̀bù, ológbò ni lójú títì, òun náà sì mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti dá ọgbọ́n kan. Bó bá ku ilé mẹ́ta kó dé ṣẹ́ẹ̀dì, á gbé fóònù sétí, á máa bá àbúrò rẹ̀ ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Kò ní àbúrò ọlọ́pàá. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní, obìnrin ni, tíṣà ni, ìlú mìíràn ló sì ń gbé. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, gìrìwò ọkùnrin ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, sájẹ́ǹtì ni. Nígbà tí Ẹnu-Abẹ rí i pé wọn ò yé súfèé, ó sọ ọ́ di ìnsípẹ́kítọ̀, nígbà tí ọdún kẹta sì máa fi pé, ó ti di kọmíṣọ́nnà láìṣe ìdánwò kankan. Nígbà mìíràn obìnrin náà máa ń bi ara rẹ̀ pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ mẹ́rin níṣẹ́, kí ló dé tó ń bá ike sọ̀rọ̀.

Ì bá máa bá irọ́ rẹ̀ gbé ní jẹ́jẹ́, àfi bí ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì onípákó. Òun ló ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, tó ń wá káàdì wọn jáde. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí láyé rẹ̀ nìyẹn, odindi ọdún méjì ló sì fi wá a. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tó fi délé tòun ti ojú tó le, ó ní àwọn ọkùnrin kan ń dí òun lọ́nà.

"Àǹtí, kí lẹ sọ fún wọn gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ òótọ́. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò ó bí ẹni ń wo akọni, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ìwò bẹ́ẹ̀ ń dùn mọ́ ẹni tí ojú ti ń tì láti ọdún mẹ́ta. Ó sọ ọ́, ó tún fi kún un. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lé ìbàdí, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí ọrùn, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta níwájú dígí. Ẹnu kúkú dùn-ún ròfọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ẹnu-Abẹ gbé aṣọ oníbàárà kan lọ fún un, ọ̀nà sì gba iwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó gbé fóònù sétí. "Ẹ̀ẹ́n, Kọmíṣọ́nnà, o ti dé kọ́nà? Ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ? Ó dáa, mo ti ń..."

Ni fóònù bá dún mọ́ ọn létí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ tó ogún ọdún. Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá pákó. Èyí tó dé fìlà pupa nínú wọn ní, "Màmá, ẹ gbé e o, bóyá ọ̀gá Kọmíṣọ́nnà ló ń pè." Ká ní ilẹ̀ là nígbà náà, ì bá wọ inú rẹ̀ taṣọ-taṣọ. Ó gbé fóònù. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, ó ń sunkún.

"Àǹtí, mo sọ ọ́ láàárọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Onífìlà pupa yẹn dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń lọ́ ọ, ó ní kí n tún un sọ. Ó lóun ń dúró dè mí tí n bá ń lọ sílé. Àǹtí, mi ò lè jáde. Mo ti kọ lẹ́tà pé mi ò ṣe iṣẹ́ náà mọ́." Ó fa ikun. "Èmi ni ò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹnu mi ò mú bíi tiyín."

Ẹnu-Abẹ ti gún abẹ́rẹ́ mọ́wọ́ lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kò sí èyí tó dùn ún tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbàgbé aṣọ tó ń gbé lọ, ó kọrí sí ilé ìwòsàn.

Ó bá ọmọ náà nínú yàrá tí wọ́n ń kó káàdì sí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, lẹ́tà wà lórí itan rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà dúró tì í.

"Mi ò sọ ọ́ rí," ni Ẹnu-Abẹ wí.

"Kí lẹ ò sọ rí?"

"Ohun tí mo kọ́ ẹ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí, àfi áyọ́ọ̀nù." Ó sọ ti kọmíṣọ́nnà náà mọ́ ọn, títí dórí bó ṣe gba ìgbéga. Ó rò pé ọmọ náà á rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ní kí n lọ ṣe ohun tẹ́yin ò lè ṣe?"

Nọ́ọ̀sì bá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí wọn, òrùka wà níbẹ̀. Ó ní, "Èmi ò lọ́kọ o. Tìtorí wọn ni mo ṣe rà á. Ọdún kẹfà nìyí. Àwọn onípákó ò bẹ̀rù ẹ̀, àwọn tí ì bá fẹ́ mi ló bẹ̀rù ẹ̀." Ó wo ọwọ́ ọmọ náà tó wú. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀dì."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ. Pákó ti gba gbogbo ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ sáàárín orúnkún àwọn ọkùnrin àti gọ́tà. Nínú ọgbà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá Ìyá Onípákó, ó ń wọn igi. Nọ́ọ̀sì ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títí kan òótọ́ tí Ẹnu-Abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́. Ìyá Onípákó fetí sí i dópin, lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ẹnu-Abẹ.

"Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún mi pé o ti yanjú wọn?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ìyàwó ọmọ mi wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ó ní wọ́n ń fọwọ́ kan òun níwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Mo lé e. Mo ní irọ́ ni, pé Ẹnu-Abẹ ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọn ò jẹ́ dán an wò. Kò tún tẹsẹ̀ bọ ilé mi mọ́ títí dòní."

Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín sórí téèpù ló di nǹkan mìíràn sí Ẹnu-Abẹ nínú. Ìyá Onípákó pe àwọn ọkùnrin náà wọlé, ó ní, "Ó yá, sọ òótọ́ níwájú wọn."

Ẹnu tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ gbẹ. Kò rí àwàdà kankan mú. "Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Ẹ̀rù yín bà mí. Láti ọdún mẹ́ta, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù yín ń bà mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onífìlà pupa ní, "Eré la ń bá wọn ṣe o, Màmá." Ìyá Onípákó gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè, ó ní, "Eré nìyí?" Ó ní kí onífìlà pupa kó ẹrù rẹ̀, kó má sì padà wá. Ó ní kí àwọn yòókù ru gbogbo pákó ẹ̀bá títì wọ ẹ̀yìn, ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an, pé inú ọgbà ni wọ́n á ti máa dúró de ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n rù ú tán, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yọ síta, ó fẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ìyá Onípákó kò dúró wò ó. Ó ti lọ bẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ọmọ náà ká lẹ́tà rẹ̀ sápò. Kò ya á. Ẹnu-Abẹ, ní tirẹ̀, ti ń tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rán lọ́kàn: ó ti ń gé ibi tí ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n kúrò, ó ti ń wá èsì kan tó mú fún onífìlà pupa. Ìwà náà ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ máa sìn mí débi iṣẹ́ lọ́la," ni ọmọ náà wí.

"Màá sìn ẹ́."

"Tí wọ́n bá sì bi yín léèrè ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rù bà yín."

Ẹnu-Abẹ ní òun gbọ́, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà tí kò wú mú.