Tíkẹ́ẹ̀tì Iná Pupa Tó Já Lé Rọra Lórí

Rọra ni àwọn òbí ọmọ iléèwé ń pe obìnrin náà, nítorí bó ṣe ń wa bọ́ọ̀sì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kó àwọn ọmọ lọ, tó ń kó wọn bọ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó jáwèé fún un rí. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun àti ìgbín bá jọ gbéra, ìgbín ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Kì í bínú. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé.

Nígbà tó lọ tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti tò sórí ìlà láti aago méje. Nígbà tó kàn án, akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀.

"Mi ò lè fún yín, mà. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn yín. Ẹ já iná pupa."

"Èmi kẹ̀? Ẹ tún un wò dáadáa."

"Nọ́ńbà mọ́tò yín nìyí. A ti kọ lẹ́tà sí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ iléèwé, tó wá já iná pupa, oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi tí ẹ bá lè ṣàlàyé fún adájọ́ ìrìnnà lọ́la, aago mẹ́wàá."

Akọ̀wé náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Mọ́tò aláwọ̀ ewé tó máa ń gbé sílé bó bá ti lọ wa bọ́ọ̀sì ni kámẹ́rà yà, ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ojú ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ò hàn dáadáa, àmọ́ Rọra mọ fìlà orí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tí kò tíì ní ju ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Rọra mú àpò rẹ̀, ó jáde.

Ó kọjá tààrà sí ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò rẹ̀ ti ń gẹ irun fún àwọn èèyàn. Oníbàárà kan wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ nìkan ló ti dán.

"Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí orí yìí."

"Orí ta ni? Orí tìẹ ni ká kọ́kọ́ parí!"

Àbúrò náà pa ẹ̀rọ ìgẹrun. "Màmá ni. Mo yà kí wọn nílé yín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, wọn ò lè mí dáadáa. Mo pe ọkọ̀ ọsibítù títí, kò dé. Ni mo bá mú kọ́kọ́rọ́ yín lórí ìṣó."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá sì ní n ò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹ máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ máa wá jókòó ti àwọn. Ọkàn wọn ló ń dà wọ́n láàmú. Inú agolo bọ́tìnnì ni wọ́n ń kó oògùn sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kó àwọn lẹ́tà iná pupa tó wá fún yín pamọ́ sí."

Rọra jókòó gbì. Ó fẹ́ lu ọmọ yìí, ó sì fẹ́ gbá a mọ́ra. Kò ṣe ọ̀kankan.

"O ò ní la ẹnu rẹ níwájú adájọ́ lọ́la," ló sọ. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ nìkan wa mọ́tò láìní láísẹ́ǹsì, wọ́n lè tì ẹ́ mọ́lé."

"Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

Rọra dìde, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá ìgbẹ́jọ́ náà kéré, ó sì móoru. Adájọ́, obìnrin kan tó fi awò sójú, gbé àwòrán náà sókè.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wà á?"

Bí Rọra bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ti lọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bi í pé ta ni. Aago ara ògiri ń ró kí, kí, kí.

"Mà, ìdáhùn yín là ń retí."

Àga kan dún lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti dìde. Rọra na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó fà á pé kó jókòó. Kò jókòó.

"Èmi ni mo wà á, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ sí i." Ó gbé ìwé ọsibítù kalẹ̀. Aago tí wọ́n gba ìyá wọn sí bẹ́ẹ̀dì fi ìṣẹ́jú méje péré ju aago ara àwòrán lọ.

Adájọ́ kà á, ó tún un kà. Ó fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó ní kí wọ́n fún Rọra ní láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ó wá yíjú sí àbúrò.

"Ìyá rẹ yè, mo bá ẹ yọ̀. Àmọ́ o lè pa ìyá ẹlòmíì lọ́nà. Fún ọdún kan, o ò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò ìwakọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó ṣe ìdánwò ọ̀hún. Kò jiyàn. Rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ìta, bí ẹni ń mú ọmọdé sọdá títì.

Màmá ni kò rí ojú rere Rọra bọ̀rọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ọmọ wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, Rọra wọ yàrá wọn pẹ̀lú omi nínú ife àti oògùn méjì ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Mo ṣì ń bínú, mà. Ẹ lanu."