Ẹ̀wù Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Ìyá Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, àmọ́ kì í ṣe òun ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé, tó ń sẹ́ omi, tó ń rọ ọ́ sínú ìgò, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń lẹ bébà mọ́ ọn lára. Ẹlẹ́rìndòdò tó wá sọ wọ́n di ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ọwọ́ àkọ́bí wọn ọkùnrin ló ti wá. Atalẹ̀ àti ọsàn ló ń pò pọ̀, á máa súfèé bó ṣe ń rò ó, orin kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò mọ òmíràn ni?" Ìyá Olómi, àbúrò rẹ̀, á bi í.

"Èyí gan-an ò tíì jinná," ni yóò fi dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wa ọkọ̀ lọ kó òfìfo ìgò. Etí odò ni wọ́n ti rí ọkọ̀ náà, ìgò pé lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, wọn ò sì rí òkú rẹ̀.

Ìbànújẹ́ pa bàbá. Ìyá wọn ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Ta ló rí òkú tí ẹ fi ń bá mi kẹ́dùn?" Ẹ̀wù iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń po ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, tó ń dá a padà síbẹ̀. Ó ní kí àbúrò máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà dé kó bá a pé iṣẹ́ ti dúró.

Níbi tí Ìyá Olómi ti ń po ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ kan ló gbọ́ ìró súfèé. Ó rò pé páìpù ló ń jò. Mẹkáníìkì pààrọ̀ páìpù, ó ní, "Ó ti parí, mà." Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ dákẹ́, iná ò sí, súfèé ń dún: orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọjọ́sí. Ọ̀kan lára àwọn afọgò pẹ̀lú gbọ́ ọ. Ó bọ́ bàtà rọ́bà sílẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ìyá Olómi kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ò bẹ̀rù. Ńṣe ló gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé mo wí fún yín? Ọmọ mi ti dé."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò rí i gbé kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ẹsẹ̀ nínú omi ìfọgò tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀, títí òtútù fi wọ̀ ọ́ lára, tó sì pa á.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ìyá Olómi mú ẹ̀wù náà kúrò lórí ìṣó, ó ká a, ó fi sábẹ́ apá ìyá nínú pósí.

"Ṣó dá ọ lójú pé ẹ̀gbọ́n ẹ ti kú?" àbúrò bàbá wọn bi í.

"Kò dá mi lójú, Bàbá. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Súfèé ò dún mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá Olómi ta ẹ̀rọ ẹlẹ́rìndòdò, omi nìkan ló ń tà báyìí, bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń ráhùn. Ó yẹ kó máa sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ti gba ipò ti tẹ́lẹ̀: bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà láàyè níbì kan ńkọ́, tó ń bọ̀ wálé, tí kò sì ní bá ẹ̀wù rẹ̀ lórí ìṣó? Bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì, kì í jẹ́ kí ọlọ́dẹ dìde. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ ṣí i.