Apá Ìkẹyìn Tí Lágúnjú Kò Fẹ́ Dá Wò

Lẹ́yìn Mayfair nílùú Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Bàbá Lágúnjú. Kí n má purọ́, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń jiyàn kíkankíkan lórí ẹni tó ń pa iná inú ọkọ̀ kan tó ń fò lójú sánmà, mo ní ikú ìyàwó rẹ̀ ti ń yí i lórí. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ara mi kì í gba àgbà tó bá ń ṣe bí ọmọdé.

Òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni Lágúnjú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gun òpó iná láti Ifẹ̀ títí dé Ìpetumodù. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tẹniọlá, wà ní Àbújá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọjọ́ Sọ́ńdè ló sì máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló ń háyà yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dà bí ọmọ fún un. Fáṣínà ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn, aláriwo ni. Fisáyọ̀mi kì í sọ̀rọ̀ àfi bí iyàn bá bẹ́. Khàdíjàh ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, òun nìkan ló máa ń rántí fọ ife tí wọ́n bá fi mu omi. Fisáyọ̀mi ló gbé fíìmù tí wọ́n ń jiyàn lé lórí náà wá lórí fílááṣì, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n bàbá tóbi, ó sì ní bátìrì ńlá tí kì í jẹ́ kí iná tán nílé rẹ̀.

Fíìmù alápá púpọ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ kan kó ẹbí wọn sínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ń lọ dá oko nínú ayé mìíràn. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, iná yàrá kan á kú, kò sì ní tàn mọ́. Ta ló ń pa á? Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé nìyẹn. Fáṣínà ní dókítà ọkọ̀ ni, ojú rẹ̀ ò jọ ojú ẹni rere. Khàdíjàh ní ọ̀gá awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Fisáyọ̀mi ní ẹnì kan tí wọ́n rò pé ó ti kú ni, ó sá pamọ́ síbì kan.

Lágúnjú ní kò sí ọ̀dàlẹ̀ kankan. "Ọkọ̀ yẹn ló ń pín iná. Agbára rẹ̀ ti ń tán, ló bá ń gé e kúrò níbi gbogbo kó lè tó fún ibì kan. Ẹ yé wo ibi tí iná ti kú. Ibi tí kò tíì kú rí ni kẹ́ ẹ máa wò." Ó ya gbogbo yàrá ọkọ̀ náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó fi bírò pupa yí yàrá àwọn ọmọdé po. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Dádì, iṣẹ́ ò tíì kúrò lára yín." Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń pòṣé.

Apá ìkẹyìn kò tíì jáde nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò àṣekágbá. Kí wọ́n tó ká ẹrù wọn lọ síbi iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ọwọ́ lé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní wo apá náà títí wọn yóò fi tún jókòó pọ̀ nínú pálọ̀ yẹn.

Ó jáde lóṣù kẹrin tí wọ́n ti lọ. Lágúnjú ní kí wọ́n gbé e sórí fílááṣì fún òun, ó wé e sínú ọ̀rá, ó fi kọ́ ìṣó tí kàlẹ́ńdà wà. Ó kọ̀wé sí àwọn ọmọ náà lórí WhatsApp pé ó ti délẹ̀ o. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Oṣù mìíràn, wọ́n ní iṣẹ́ ò jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀.

Kò wò ó. Lọ́jọ́ kan tó lọ ra ẹran ní Sábó, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìparí fíìmù náà níwájú rẹ̀. Bàbá di etí méjèèjì, ó yára kúrò níbẹ̀, ó fi ẹran tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni alápatà fi ẹran náà rán. Mo fún un, mo sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un: "Bàbá Tẹniọlá, ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Ẹ wo nǹkan yín."

"Wọ́n ṣèlérí, Ìyá Àníkẹ́," ló fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí lórí ògiri pé kí n wá bá òun wo àwọn apá àtijọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní mo fẹ́ ká aṣọ. Lẹ́ẹ̀kejì mi ò tiẹ̀ wá àwáwí, mo ní n kì í wo ìranù. Ó ní kò burú. Ó ń dùn mí títí di òní. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn, mi ò sì gbọ́ ohùn ènìyàn kankan mọ́. Àwọn ayálégbé tuntun kì í sí nílé, bí wọ́n bá sì dé, wọn á tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọdún kan àti oṣù méjì kọjá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Khàdíjàh yà síbẹ̀ láti kí i. Ìwé ẹ̀rí ló wá gbà nínú ọgbà Yunifásítì lánàá ọjọ́ náà. Ìdùnnú gba bàbá lọ́kàn débi pé orúkọ mi ló ń pè lórí ògiri. "Ìyá Àníkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ọ̀kan ti dé." Mo lọ. Ó pe Fáṣínà lórí fóònù, kò wọlé. Ó pe Fisáyọ̀mi, ó dún títí, kò gbé e. Ó ní ẹni tó wá náà tó, ó sì tú fílááṣì kúrò nínú ọ̀rá.

Khàdíjàh wo ọ̀rá náà. "Dádì, ẹ ò tíì wò ó?"

"Ṣé ìwọ ti wò ó ni?"

Ó sọ ojú sílẹ̀. "Rárá, sà. Èmi náà ò tíì wò ó."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti bá àwọn ọmọ iléèwé gbé pẹ́, mo mọ irọ́ nígbà tí mo bá rí i.

A jókòó. Nígbà tó yá, ibì kan dákẹ́ rọ́rọ́ nínú fíìmù náà, àwọn ará ọkọ̀ kan ń sùn. Khàdíjàh rọra mú rìmóòtù, ó dín ohùn rẹ̀ kù. Kò pẹ́ sí i ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bú gbàù. Ó mọ̀ pé bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò fẹ́ kí ó ta gìrì. Lágúnjú wo rìmóòtù, ó wo ojú ọmọ náà, ó padà kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá ló sì jàre iyàn náà. Kò sí ọ̀dàlẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló ń pín iná fúnra rẹ̀, yàrá àwọn ọmọdé ló ń pa á mọ́ fún. Khàdíjàh pàtẹ́wọ́. "Dádì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó ṣeun. Ó sìn ín dé títì, ó dúró títí ọmọ náà fi rí ọ̀kadà gùn.

Mo ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Mo ní, "Ọmọ dáadáa ni."

"Ọmọ dáadáa ni. Ó dín ohùn kù nítorí mi." Ó di géètì mú. "Wọ́n ti wò ó, wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí pé èmi ni mo jàre, Ìyá Àníkẹ́. Ẹnì kan nínú wọn ì bá pè mí."

Ó wọlé. Lọ́sẹ̀ yẹn, n kò gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n kankan láti ilé rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà kò sì jẹ́ kí n gbádùn ilé tèmi.

Nígbà tí Sátidé dé, mo yan ẹ̀pà, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Bàbá Tẹniọlá, ẹ bá mi fi í sí i láti apá kìn-ín-ní."

"Ṣebí ẹ ti mọ ibi tó parí sí."

"Kí ni mo mọ̀? Oorun ló ń kùn mí lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi o, dókítà yẹn ló ń pa iná."

Ó mọ̀ pé ojú mi là sílẹ̀ kedere lọ́jọ́ yẹn. Ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ó gbé àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú kàlẹ́ńdà lára ògiri.

"Dókítà kọ́, Ìyá Àníkẹ́," ó ní. "Ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé fún yín."