Iyán Tí Màmá Gún fún Àwọn Aláàánú

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí mo ń pè ní Màmá, ti di opó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, oko wọn sì ti di igbó. Bí mo bá gbé gàrí lọ fún wọn, wọ́n á ní kí n gbé e fún àwọn aláìní. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ aláàánú kan ń bọ̀ wá wo àwọn tí ebi ń pa, kí wọ́n lè máa fún wọn lóúnjẹ lóṣooṣù, èmi ni mo sáré lọ sọ fún Màmá. Ẹnu mi ò kúkú lè dákẹ́.

Kí ọ̀kadà tó gbé àwọn àlejò dé, Màmá ti gbálẹ̀, wọ́n ti wọ òfì tí wọ́n fi ń lọ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti gún iyán. Èkìtì wo ló máa gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ tí kò ní wojú odó?

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n. Ọkùnrin náà jẹ iyán tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run ti bù kún yín. Àwọn tí kò ní là ń wá." Ó rò pé ebi kì í wọ òfì. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Inú bí mi. "Màmá, ẹ ò ṣe wọ aṣọ ilé?"

"Kí àlejò wọ ulé mi, kó bá mi nínú àkísà, kó tún lọ láìjẹ uyán? Ṣé orí rẹ pé?"

Mo wo ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Màmá ti jókòó ti odó, wọ́n ń ha ìdí rẹ̀ jẹ. Ó dùn mí wọra.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin yẹn nìkan padà wá, ó di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, iyán yín ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ mi. Kókó ló máa ń pọ̀ nínú tèmi."

Inú Màmá dùn. Bí obìnrin náà ṣe ń gún iyán, wọ́n pariwo lé e lórí, wọ́n já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ jẹun. Ó fi iṣu tó kù sílẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ ò tíì parí.

Nígbà tó lọ, mo rẹ́rìn-ín. "Akẹ́kọ̀ọ́ yín ò mọ nǹkan kan o."

Màmá ṣíjú wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. "Mo gbọ́ ìró ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ uyán gún jù ọ́ lọ. Kò kàn fẹ́ kójú tì mí ni. Lọ kó uṣu mi wọlé."