Ilẹ̀kùn tí Mo Fi Sí Ẹ̀rọ Ẹ̀wà

Mo ń fọ nápíkìn Bọ́lá ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ire-Akari lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà tí Jímọ̀, dírẹ́bà ọ́fíìsì wa, fọn fèrè mọ́tò bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Ìyá Bọ́lá, ọ̀gá ní kí ẹ máa bọ̀! Alhaji tó fẹ́ gba ẹ̀rọ ẹ̀wà ti dé, ó sì ń lọ sí Mẹ́kà lọ́la."

"Kí ló kàn mí? Ṣebí táìpísì ni mí."

"Ọ̀gá ní ẹ̀yin nìkan lẹ ti bó ẹ̀wà rí nínú gbogbo wa."

Mo pọn ọmọ, ó di ọ́fíìsì wa ní Ìsọlọ̀.

Nígbà yẹn, tí owó epo ń ya wọ ìlú, ìjọba ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì lówó ìwádìí. Bí wọ́n bá hùmọ̀ nǹkan, ọ́fíìsì wa á gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí kí ẹlòmíì má baà jí i ṣe. Lẹ́yìn náà la ó wá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe é tà, tí yóò sì máa fún yunifásítì ní ìpín tirẹ̀. Ìwé kò ṣòro rárá. Ẹni tí yóò gbà á ṣe ni a kì í rí. Yàrá ẹ̀yìn wa kún fún ẹ̀rọ tó ń gba eruku, àwọn ọ̀gá àgbà sì ti kọ̀wé sí wa pé bí a ò bá rí ẹnì kan gba ọ̀kan lọ́dún náà, kí a kó ẹrù wa. Alhaji yìí nìkan ló tíì bèèrè nǹkan kan rí.

Dókítà, olùkọ́ yunifásítì tó ṣe ẹ̀rọ náà, wọ kóòtù wá. Ó da ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ sínú rẹ̀. Èèpo gba ọ̀tún, ẹ̀wà funfun gba òsì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Alhaji ti yọ bírò, ló bá yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ á lè lò ó?"

Ọ̀gá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbọ́.

"Ó dáa gan-an, sà. Ṣùgbọ́n níbo la ó ti máa fọ inú rẹ̀? Èyí tó bá há síbẹ̀ á kan, ilé á sì máa rùn."

Dókítà ní, "Màdáàmù, ẹ da omi sí i."

"Sà, ṣé omi lásán lẹ fi ń fọ ìkòkò nílé?"

"Ìyàwó mi ló ń fọ̀ ọ́."

"Mo ti mọ̀!"

Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀, ó wá dá bírò padà sápò. Mo ti lé iṣẹ́ gbogbo wa lọ! Mo yára ní, "Ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré sí abẹ́ rẹ̀, sà, èyí tó ṣeé yọ, kí ọwọ́ obìnrin lè wọ̀ ọ́."

"Bí mo bá dé tí mo bá a bẹ́ẹ̀," Alhaji ní, "màá fọwọ́ sí i."

Dókítà bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Òṣòdì. Alhaji dé, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, ó sì fọwọ́ síwèé.

Ọ̀gá wá pè mí. Ó ní òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ bá wà nínú nǹkan, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnikẹ́ni lè wó ìwé náà lulẹ̀. "Jókòó, Ìyá Bọ́lá, kí o tẹ orúkọ rẹ sábẹ́ ti Dókítà." Èmi tí mo ti ń tẹ orúkọ olórúkọ láti ọjọ́ yìí, mo ba ìwé mẹ́ta jẹ́ kí n tó tẹ tèmi tán.

Mo mú ẹ̀dà kan relé, mo fi han Bọ́lá lórí itan mi. Ó gbà á, ó sì fi sẹ́nu.

"Orúkọ ìyá ẹ nìyẹn o, nínú ìwé ìjọba," mo sọ fún un. "Má jẹ ẹ́, ọkọ mi. Tó o bá dàgbà, wàá kà á."